Lẹ́tà sí Àǹtí mi tí wọ́n sin sí Kétu

Àǹtí mi,

Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú yín, nígbà ìsinmi níbi iṣẹ́. Aṣọ ẹbí yẹ gbogbo wọn. Káàdì ìgbélùú mi ti kú, tuntun ò tíì jáde. Bí mo bá kúrò ní Faransé, mi ò mọ bí màá ṣe wọlé padà.

Ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń gbé pósí yín, Coulon, abúlé etí omi ní Faransé níbí, ni ọkàn mi lọ. Ọjọ́ tí mo mú yín lọ sí àbàtà Marais poitevin níbẹ̀, tí ẹ ní, “Ṣé àbàtà ni ẹ̀yin ará Faransé fi ń ṣe àlejò?” Ewé wẹ́wẹ́ bo omi náà tí a ò rí omi mọ́. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ la wọ̀, ọ̀pá gígùn ni ọkùnrin yẹn fi ń tù ú. Ó ní ilé àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà, márùn-ún ló para pọ̀ gbẹ́ ipa omi ńlá kan níbẹ̀ ní 1217. Ẹ ní kí n bi í: àwọn mọ́ńkì ló gbẹ́ ẹ ni, àbí àwọn tálákà abẹ́ wọn? Ẹ̀rín pa á.

Ó wá fi ọ̀pá ro ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ hó sókè, ó ṣáná sí i, iná ń jó lórí omi. Ẹ pariwo, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà: ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ẹ dárúkọ Bàbá. Ẹ dárúkọ àwọn ọmọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ọmọ àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Pobè. Ẹ ṣàdúrà fún ọlọ́kọ̀ tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ń retí kó kàn mí. Ẹ ṣe àmín, ẹ ní ebi ń pa yín.

Nílé oúnjẹ, ẹ ní ejò ni ẹja anguille tí wọ́n sè nínú wáìnì pupa. Ẹ jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀wà funfun wọn, mogette, ẹ ní kò ní láárí láìsí epo pupa. Nígbà tí wọ́n gbé tourteau dé, àkàrà wàrà ewúrẹ́ tí orí rẹ̀ dúdú kirikiri, ẹ fi ọ̀bẹ ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn.

Ṣé ẹ gbàgbé ni? Àbí ẹ rò pé ẹni tó bá ti wà ní Faransé ti lékè tán? Ilé arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru, Àǹtí. Wọ́n ti gé wákàtí mi kù. Onílé ń kọ lẹ́tà.

Lánàá, Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin fi àkọsílẹ̀ gbèsè ìsìnkú ránṣẹ́. Orúkọ mi ló ṣáájú. Màá san án, ṣùgbọ́n kí wọ́n ní sùúrù títí oṣù á fi parí.