Inú mọ́tò lọmọ mi ti ń pààrọ̀ aṣọ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, tó bá gùn jù kẹ́ ẹ gé e, àmọ́ ẹ má gé ibi tí mo ti sọ pé inú mọ́tò lọmọbìnrin mi ti ń pààrọ̀ aṣọ, torí ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Sátidé tó kọjá ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mẹ́sééjì wọlé sórí WhatsApp àwa òbí pé wọ́n ti ti pápá ńlá kíláàbù bọ́ọ̀lù Gaelic tí ọmọ mi wà, òjò ti bà á jẹ́, ká máa bọ̀ ní pápá ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù kan. Pápá ẹ̀yìn yẹn, ẹrẹ̀ ni látòkèdélẹ̀, ilé kíláàbù sì rèé, yàrá ìpààrọ̀ aṣọ méjì péré ló ní, àwọn ọkùnrin ló kọ́ ọ fún ara wọn láyé ijọ́un tí ò sẹ́ni tó rò pé obìnrin máa gbá bọ́ọ̀lù Gaelic, bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ Ireland, níbẹ̀. Tí géèmù ọkùnrin bá ti bọ́ sọ́jọ́ kan náà, ó parí nìyẹn, àwọn àlejò á gba yàrá kan, àwọn ọkùnrin wa á gba ìkejì, àwọn ọmọbìnrin á máa wojú ìyá wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọmọ mi. Nígbà tí wọ́n gbá a tán, ẹrẹ̀ ti dé ìbàdí ẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mo ta ìbòrí mi sójú fèrèsé mọ́tò lápá kan, mo fẹ̀yìn dí apá kejì, òjò ń lù mí, ọmọ ń bọ́ aṣọ nínú ẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá. Nígbà tó bọ́ bàtà, ṣe lomi dà jáde nínú ẹ̀ bí ìgbà téèyàn da ife nù. Ibẹ̀ la wà tí ìyá kan láti kíláàbù kejì fi wá bi mí pé jọ̀ọ́, ibo ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin wà. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo ni ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ireland ńbí mọ̀ pé kì í ṣe kíláàbù wa nìkan. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ GAA, tó ń bójú tó eré ìdárayá ìbílẹ̀ Ireland, ti wà láti 1884 o, Croke Park tí wọ́n ní ní Dublin ń gba èrò 82,300. Ọjọ́ àṣekágbá ìdíje All-Ireland, ibẹ̀ máa ń kún fọ́fọ́. Àmọ́ tó o bá dé abúlé tí àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn ti wá, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbẹ omi òjò tó ń jò látorí páànù. Agbábọ́ọ̀lù kankan ò sì ń gbowó, ẹni tó gba Sam Maguire, ife All-Ireland ọkùnrin, lọ́jọ́ Sunday á padà síbi iṣẹ́ ẹ̀, olùkọ́ ni, ọlọ́pàá ni, àgbẹ̀ ni. Mo nífẹ̀ẹ́ sí ìyẹn gan-an, ohun tó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ mi débẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àwòrán. Àwòrán ilé kíláàbù tuntun wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà, yàrá mẹ́rin, tọ́ílẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iná pápá, gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ tó máa fa omi kúrò lórí pápá. Ó rẹwà. Ìgbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, àbíkẹ́yìn mi ò tíì rìn, ó ti wà ní kíláàsì kejì báyìí, oòrùn ti jẹ àwòrán náà débi pé koríko inú ẹ̀ ti di búlúù (oòrùn Ireland náà o, ẹ mọ iye ọdún tí ìyẹn máa gbà á).

Tẹ́ ẹ bá béèrè, wọ́n á ní káńsù ló kù. Káńsù á ní ìwé kan ló kù. Gráàntì Sports Capital tí ìjọba fi ń ran kíláàbù lọ́wọ́, ìyẹn kì í ṣe ọdọọdún ló ń ṣí, tó bá wá ṣí, ẹ mú ìwé ilẹ̀ wá, ẹ wá fi hàn pé ẹ ní owó tiyín nílẹ̀. Kí wọ́n tó fèsì, owó símẹ́ǹtì àti owó lébìrà ti gbówó lérí. Gbogbo àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé wọ́n á wọ bùútù wá sí pápá wá ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ yìí jẹ àwọn lógún. Ìbò á lọ, wọ́n á bá a lọ.

Ẹ ò rí Casement Park, pápá GAA ní Belfast? 2013 ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀, mílíọ̀nù £77.5 ni. Ṣe ẹ̀ ń bínú sí mi ni tí mo bá ní nígbà tó fi máa di 2024, ìṣirò ti kọjá mílíọ̀nù £300? Ìjọba UK ní àwọn ò ní kọ́ ọ fún ìdíje bọ́ọ̀lù Euro 2028, lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n tún ní àwọn máa mú mílíọ̀nù £50 wá. Kíláàbù wa kì í ṣe Casement, owó wa ò tó ti ilẹ̀kùn Casement, ṣùgbọ́n àìsàn kan náà ni: bó ṣe ń pẹ́ ló ń wọ́n.

Wọ́n tún ń sọ pé tó bá fi máa di 2027, GAA àti LGFA (ti bọ́ọ̀lù Gaelic àwọn obìnrin) àti Camogie (eré tí àwọn obìnrin ń fi ọ̀pá gbá) á para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, Mary McAleese tó ti ṣe ààrẹ Ireland rí ló ń darí ìgbìmọ̀ ẹ̀. Ó dáa. Ẹgbẹ́ á di ọ̀kan, yàrá ńkọ́? Inú mọ́tò èmi náà ni ìṣọ̀kan yẹn ti máa wáyé?

Ọ̀rọ̀ tó kàn wá báyìí, àwa Yorùbá. Baba àgbàlagbà kan máa ń dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tò kíláàbù, òjò ni, yìnyín ni, ó wà níbẹ̀. Àwa ńkọ́, a ó já ọmọ sílẹ̀ bí ẹni já ẹrù, a ó tan hítà, a ó máa wo fíìmù. Àwọn kan ní tẹ́tẹ́ ni lọ́tò, ìjọ àwọn ò gbà á. Mo gbọ́, èmi náà kì í ta á. Àmọ́ ta ló ní ká ta tẹ́tẹ́? Àjọ ńkọ́, tí a ti ń dá kí wọ́n tó bí wa?

Ẹ gbọ́ ìṣirò mi. Yúrò márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta, €260 ni. Òfin owó orí ilẹ̀ yìí sì wà pé tí òṣìṣẹ́ bá fún kíláàbù ní €250 sókè lọ́dún, fún iṣẹ́ ìkọ́lé tí ìjọba ti fọwọ́ sí, kíláàbù lè gba owó orí tẹ́ni yẹn ti san lórí ẹ̀ kún un. Ẹ rí i pé àjọ yúrò márùn-ún fi díẹ̀ kọjá ìlà yẹn. Ká yan aláàjọ kan tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, kó máa gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tá a bá wá gbé ọmọ, kó máa sàmì sí káàdì, tó bá di December kó san €260 lórúkọ oníkálukú. Yàtọ̀ sí àjọ tá a mọ̀, kò sẹ́ni tó máa kó o, kíláàbù ló kó o. Ilé ogójì, €10,400 nìyẹn, owó orí ò tíì dé o. Owó tá à ń ná mọ́ ẹni tó ń jó lóde àríyá ní wákàtí kan ju yúrò márùn-ún lọ, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Tí wọ́n bá sì ní ẹ fi owó tiyín hàn, owó rèé.

Kí wọ́n tó kọ́ ọ tán, kí wọ́n rẹ́ǹtì kọ̀ńténà oníyàrá sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Kí wọ́n bẹ ilé ìwé tó wà lódìkejì títì, yàrá wọn ṣófo ní Sátidé. Kí àwa náà máa lọ sí ìpàdé ọdọọdún wọn, nígbà tí mo lọ lọ́dún tó kọjá, èmi nìkan ni dúdú níbẹ̀, tíì àti bísíkíìtì ni wọ́n fi gbà mí, kò sẹ́ni tó lé mi.

Sátidé tó ń bọ̀ a tún ní géèmù nílé, àwọn ọkùnrin náà ní. Mo ti ra aṣọ dúdú ọ̀pá mẹ́ta ní ọjà, mo ti gé e bá fèrèsé mọ́tò mi mu, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èmi ni,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta,
ìtòsí Dublin.