Ẹ̀yin ọmọ aláró, ta ló ń mu omi tí ẹ dà nù?

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n kan pákó dé kànga kan pa ní àdúgbò wa. Ìyá arúgbó tó ni ín ti ń pọn ọ́n láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé. Omi inú rẹ̀ ti ní àwọ̀ búlúù, ó sì ń ta ahọ́n. Ẹni tó bà á jẹ́ kì í ṣe àjèjì. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni. Èmi ni mo gbé ọwọ́ lé e lórí, tí mo ṣàdúrà fún un lọ́jọ́ tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ó ti ní ọmọ iṣẹ́ méje báyìí, ó ń fi kàm̀pálà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwòrán aṣọ rẹ̀ kún orí Instagram. Ẹ̀yìnkùlé ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń da omi aró sí, alaalẹ́, fún ọdún méjì gbáko.

Mo bi í léèrè. Mo ní, "Níbo lo rò pé omi yẹn ń lọ?"

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ilẹ̀ ló ń mu ún."

Ilẹ̀ ló ń mu ún! Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sùn dáadáa. Kì í ṣe torí pé ó parọ́ fún mi. Ó gbà á gbọ́ ni. Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ aṣọ ní Ìtòkú, ní Àsẹ̀rò, ní ẹ̀yìnkùlé ilé tí ẹ háyà káàkiri Abẹ́òkúta, gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ rò pé tí omi bá ti kúrò lójú yín, ó ti parí.

Ẹlòmíì nínú yín rò pé àwọ̀ lásán ló wà nínú omi náà. Sódà tí a fi ń po aró ńkọ́, ìyẹn kọ́sítíìkì sódà? Sódà tó ń bó awọ ara, tó jẹ́ pé tí ẹ bá da omi lé e lórí dípò kí ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú omi, ó lè hó kó ta sí yín lójú. Háídírò ńkọ́, kẹ́míkà tí a ń pò mọ́ aró, tí òórùn rẹ̀ ń gún yín nímú? Aṣọ kì í mu gbogbo aró tán. Ẹ ẹ́ rí i fúnra yín bí ẹ bá ń ṣan án: omi kìíní dúdú, omi kejì búlúù, omi kẹta ṣì ní àwọ̀. Ibo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ?

Ní ilé ìyá mi ní Kẹ́mta, elú la fi ń pa aró. A ó gún ewé rẹ̀ nínú odó, a ó ṣù ú bí ìṣù àkàrà ńlá, a ó sá a lóòrùn kó gbẹ. Eérú la fi ń ṣe omi kíkan rẹ̀, a máa ń sẹ́ ẹ gba inú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí. Aró yẹn á wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kí ìyá mi tó fi ọwọ́ kàn án tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń tọ́ ọ wò! Ahọ́n rẹ̀ ló fi ń mọ̀ bóyá ó ti kan dáadáa. Ṣé ẹnì kan wà nínú yín tó lè ki ahọ́n bọ inú ohun tí ẹ ń dà sí gọ́tà? Gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ elú, oko la máa ń dà á sí. Mi ò ní kí ẹ padà sí elú o. Mo mọ iye ọjọ́ tó ń gbà, mo sì mọ iye tí ẹ ń san fún ilé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìyá mi mọ ibi tí omi aró rẹ̀ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ sódà yìí kì í ṣe tòní. Láàárín àwọn ọdún 1930, nígbà ayé Aláké Adémọ́lá Kejì, ààfin fòfin de sódà àti aró òyìnbó nílùú yìí, nítorí àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àdìrẹ Abẹ́òkúta kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin aláró kò gbà. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìjọba òyìnbó. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ló bí wa. Àmọ́ orí aṣọ ni gbogbo ìjà yẹn dá lé: ṣé ó ń ṣá, ṣé ó ń ya. Nínú ìtàn tí wọ́n sọ fún èmi, omi kò sí níbẹ̀ rárá. Àwa tó tẹ̀ lé wọn náà kò béèrè. Èmi pàápàá kò béèrè títí di ọdún 1986.

Ọdún náà ni mo fẹ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ inú mi gan-an kò gbọ́ ọ rí.

Mo ti ní ilé iṣẹ́ tèmi nígbà náà, oníbàárà ń ti Ìbàdàn wá. Ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbówó lórí, mi ò sì fẹ́ kí sódà tí mo ti pò ṣòfò. Mo rọ èyí tó kù sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọmọ ayálégbé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń ti ibi eré bọ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó rí ìgò tó mọ̀. Ó gbé e sẹ́nu.

A sáré fún un ní epo pupa. A ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì í. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ni dókítà ní ohun tó jó o nígbà tó ń lọ ni a tún jẹ́ kó jó o nígbà tó ń bọ̀. Nítorí Ọlọ́run, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ má gbàgbé: ọmọ tó bá mu sódà, ẹ má fún un ní epo, ẹ má jẹ́ kó bì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e dìgbàdìgbà lọ. Ọmọ náà kò kú. Ọ̀fun rẹ̀ ló sún kì. Inú rọ́bà tí wọ́n gbà sí i níkùn ni wọ́n ń gba bu oúnjẹ fún un, fún oṣù tí mi ò lè kà mọ́. Mo san owó tí mo ní, mo tún yá. Ìyá rẹ̀ kò fìgbà kan pariwo lé mi lórí. Àràárọ̀ ló máa ń kí mi, "Ẹ káàárọ̀, mà." Kíkí yẹn ṣì ń dún létí mi títí dòní.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi bínú? Ìgò tèmi ẹyọ kan ni. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi yìí, kànga odindi ni. Nígbà tí mo sì bá a wí, ó ní, "Màmá, mo gba ènìyàn méje síṣẹ́. Mò ń san owó orí. Nígbà ọdún Kérésì mo pín ìrẹsì fún gbogbo ojúlé. Kí ni wọ́n tún ń fẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Ìrẹsì! Omi wo ni kí wọ́n fi sè é?

Ibi tí iṣẹ́ ti bà jẹ́ lójú yín gan-an nìyí. Ẹ rò pé ẹni tó kó owó sílẹ̀ nìkan ló ni iṣẹ́, pé ohunkóhun tó bá ṣe fún aládùúgbò, ṣàánú ló ṣe. Ta ló ń ra aṣọ? Ta ló ń gbọ́ òórùn háídírò lóru tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́? Ọmọbìnrin kan wà lára ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, mo rí ọwọ́ rẹ̀. Èékánná rẹ̀ ti ń jẹ. Ó ń fi ọwọ́ lásán rẹ aṣọ inú sódà, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ra fóònù tuntun. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, èló ni? Ẹ má jẹ́ kí n bínú ju báyìí lọ.

Ó fi orúkọ kọ́ńpìnnì rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, ó fi ìwé rẹ̀ sínú férémù kọ́ ara ògiri. Ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ lọ́yà ló ka òfin kọ́ńpìnnì ti ọdún 2020 fún mi. Ó wà ní abala 305 pé olùdarí kọ́ńpìnnì gbọ́dọ̀ máa ro ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe sí àyíká ìlú tó ti ń ṣe é, kó sì máa ro ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Òfin tó gbé férémù rẹ̀ kọ́ náà ló sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí wọn kò tíì bí ní 1988 kò lè mọ ọ̀rọ̀ Kókó. Ìlú kékeré kan létí omi ni, ní ìpínlẹ̀ Bẹ́ńdẹ́ẹ̀lì ìgbà náà. Àwọn oníṣòwò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì, wọ́n háyà ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan, wọ́n tò wọ́n síbẹ̀. Ìròyìn náà gba gbogbo Nàìjíríà kan. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ṣòfin lé ìdọ̀tí olóró, wọ́n sì dá FEPA sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká. Gbogbo wa la bú àwọn òyìnbó yẹn. A ní wọn kò ka wá sí ènìyàn, pé ohun tí wọn kò jẹ́ dà sílé ara wọn ni wọ́n wá dà síbi. Ẹ̀yìnkùlé náà ni omi aró tó ba kànga ìyá arúgbó yìí jẹ́ ti wá.

Ọmọ mi kan sọ fún mi pé àdìrẹ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ṣáínà ló ń fún ọrùn yín pọ̀, pé tí ẹ bá ń náwó sórí omi, ẹ kò ní lè tà. Mo mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀. Mo lọ sí Ìtòkú, mo rí i, wọ́n ń pe aṣọ tí kò mọ aró rí ní àdìrẹ. Ó dùn mí. Àmọ́ Ṣáínà kọ́ ló ni kànga.

Odò Ògùn tí ẹ ń rí lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá, kò dúró síbẹ̀. Ó ń lọ sí Èkó. Ní Akútè ni wọ́n ti ń fà á láti fi ṣe omi ẹ̀rọ fún àwọn ará Èkó. Oníbàárà yín tó ti ibẹ̀ wá ra aṣọ, tó ní kí ẹ ṣe ẹ̀dínwó fún òun, gọ́tà yín ń ṣàn lọ síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ sára gbogbo ohun tí ẹ bá rọ sódà sí, ẹ tì í mọ́nú yàrá. Ẹ má lo ike omi láéláé. Aró tó bá ṣì lágbára, ẹ fi háídírò díẹ̀ sọ ọ́ jí, ẹ tún un lò, ẹ má yára dà á nù. Ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú rẹ̀, kó jìnnà sí kànga, kí omi lè sinmi kí gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kòtò nìkan kò tó. Tó bá ju agbára ẹnì kan lọ, ṣé ẹgbẹ́ aláró kò lè dáwó jọ ṣe ibi kan tí gbogbo wa á máa lò, kí á sì pe àwọn tó mọ̀ nípa omi wá wò ó? Ẹ ń dáwó fún aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Mo ti dá tèmi sílẹ̀ fún èyí, ọwọ́ akápò ló wà.

Ọmọ tó ba kànga jẹ́ náà ti pa fóònù rẹ̀. Wọ́n ní ó wà ní Èkó. Ìyá arúgbó yìí ń fi píọ̀ wọ́tà se ọbẹ̀. Lánàá mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì lọ fún un, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ojú fi tì mí.

Ẹni tó bá rí i nínú yín, kó bá mi jíṣẹ́ fún un. Mi ò pè é láti bú u. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mò ń lọ sílé ìyá náà. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, n kò sì kọ́ ọ ní ibi tí omi ń lọ, nítorí náà a jọ máa dọ̀bálẹ̀, a jọ máa kúnlẹ̀. Mo máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kó kó ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèje dání, kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ ohun tí ìyá náà bá sọ.

Èmi ni ìyá yín,
Ìyá Aláró, Kẹ́mta, Abẹ́òkúta.