Ẹ Wo Ọjọ́ Inú Kọ̀ǹpútà Kí Ẹ Tó Náwó

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ ohun tí ojú mi rí lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà nílé wa ní Òkè-Fíà, nítorí mo gbà pé ọ̀pọ̀ ìdílé ní Òṣogbo níbí ló ń náwó sí ibi tí àrùn kò sí.

Odidi ọjọ́ mẹ́ta la ò fi rí íntánẹ́ẹ̀tì lò lórí rẹ̀. Ìkànnì yòówù tí a bá ní kó ṣí, ìkìlọ̀ ni yóò gbé jáde pé kò sí ààbò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ dátà wà lórí róútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà àti fóònù. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n ra róútà tuntun; ẹlòmíràn ní kí n pààrọ̀ káàdì inú ẹ̀rọ. Kò sí èyí tó bi mí bóyá fóònù wa rí íntánẹ́ẹ̀tì lò lórí róútà kan náà. Ó kúkú rí i lò dáadáa!

Ọmọbìnrin mi ló nàka sí igun ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ: 1/1/2015 ló wà níbẹ̀. Ìkànnì tó ní ààbò máa ń fi ìwé ẹ̀rí kan han kọ̀ǹpútà, èyí tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí wà lára rẹ̀, kọ̀ǹpútà a sì fi ọjọ́ tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá gbà pé ọdún 2015 la ṣì wà yóò ní àkókò ìwé ẹ̀rí ọdún yìí kò tíì tó, yóò sì kọ̀ ọ́. A tún ọjọ́ náà ṣe, gbogbo rẹ̀ ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ iná lọ lóru, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tún bá a ní 2015. Ìgbà náà la yọ wáyà iná, tí a tú ẹ̀rọ, tí a sì rí bátìrì pẹlẹbẹ roboto kan tí wọ́n kọ CR2032 sí lára. Òun ló ń mú kí aago inú kọ̀ǹpútà máa rìn nígbà tí kò bá sí iná, ó sì ti kú. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ní Ọlá-Ìyá la ti ra òmíràn.

N kò sọ pé bátìrì ló máa ń fà á nígbà gbogbo. Bí fóònù náà kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo dátà. Bí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà, ìyẹn nọ́ńbà tí róútà fi ń dá a mọ̀, bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 169.254, róútà kò fún un ní àdírẹ́sì rárá, òun ló fún ara rẹ̀. Ẹ pa róútà, kí ẹ sì tàn án padà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìkìlọ̀ náà. Bàbá àwọn ọmọ, tó máa ń ka ìwé ìròyìn yín láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn, kò rí ohunkóhun dì mú nínú rẹ̀. Ẹ bá wa ya igun kan sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí yóò ti máa túmọ̀ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá. Mo ti kọ ìtumọ̀ mẹ́ta sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, màá fi ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.