Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Iye Owó Ẹjọ́ fún Ẹni Tó Bá Fara Pa Lẹ́nu Iṣẹ́

Sí Alága àti àwọn Káńsílọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, Ìbàdàn.

Ẹ̀yin aláṣẹ wa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa onípákó àti àwọn tó ń la gẹdú ní ọjà pákó Bódìjà ni a kọ ìwé yìí, nítorí owó tí ọmọ ẹgbẹ́ wa tó bá fara pa ń ná kí ó tó lè gba owó gbà-má-bínú.

Ẹ̀rọ ìlagi tí kò ní ìdérí gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ọ̀kan nínú wa, níbi tí wọ́n ti ń sanwó ojúmọ́ fún un. Lọ́yà tó bá a gba ẹjọ́ náà kò purọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò sọ iye tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́: owó ìwé lónìí, owó ọkọ̀ lọ́la, owó dókítà ní ọ̀túnla. Nígbà tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà sí ₦450,000, ₦130,000 péré ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Inú àpò náílọ̀nù ló kó àwọn rìsíìtì náà sí wá sí ìpàdé wa, ọwọ́ òsì ló sì fi ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì.

Òfin gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 wà lóòótọ́, tí agbanisíṣẹ́ fi ń dá owó sí àpò NSITF (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ tó fara pa), àmọ́ orúkọ alágbàṣe ojúmọ́ kì í sábà sí níbẹ̀. Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń gba ẹjọ́ fún aláìní, náà máa ń gba ẹjọ́ ìjàǹbá, ṣùgbọ́n ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni òfin là á sílẹ̀ fún, ìyẹn ₦70,000 láti ọdún 2024. Ẹni tó fi díẹ̀ ju èyí lọ kò lè fọkàn balẹ̀ pé wọn yóò gba ẹjọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì lágbára lọ́yà.

A kò bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí a ní iye kan ṣoṣo fún gbogbo ẹjọ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ìka tí ẹ̀rọ gé hàn sí gbogbo ojú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyẹ̀fun igi ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, tó sì ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹ́ta, dókítà méjì lè má tó láti fi hàn pé iṣẹ́ ló fà á. Bí iye tí lọ́yà lè gbà bá kéré jù, lọ́yà kankan kò ní fọwọ́ kan irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, owó ẹni tó fara pa ni yóò jẹ tán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọ́n ti la iye owó agbẹjọ́rò tí ẹni tó jàre lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ̀bi kalẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí kò ju £100,000 lọ. Wọ́n pín in sí ìpele mẹ́rin bí ẹjọ́ bá ṣe le tó, wọ́n sì tún wo ibi tí ẹjọ́ dé kí ó tó parí. Ọ̀nà yìí ló tẹ́ wa lọ́rùn.

A mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ kò láṣẹ lórí owó agbẹjọ́rò. Ohun tí a ń bẹ̀ fún ni kí ẹ pe ẹ̀ka NBA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà, ní ìlú Ìbàdàn (a kò bínú sí wọn, ọmọ wa wà nínú wọn), ọ́fíìsì Legal Aid Council, àti àwa fúnra wa jókòó, kí a jọ kọ ìlànà iye owó ní ìpele-ìpele, kí owó ìwé dókítà dá dúró lọ́tọ̀, kí ẹ sì bá wa fi í ránṣẹ́ sí Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Títí ìyẹn yóò fi rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín tó mọ òfin máa bá wa ka ìwé àdéhùn lọ́yà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka sí i.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́.