Wọ́n Ti Ta Ilé Bàbá Onílé

Yaba, Èkó
6 Oṣù Kẹwàá, 2025

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Baálé rẹ ńkọ́? Ẹ kú òtútù tó ń bọ̀ o. Mo fẹ́ dúró di ọjọ́ tí a bá jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gbé sínú, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sì ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ti ta ilé Bàbá Onílé.

Ilé wa yìí náà ni. O mọ̀ pé látìgbà tí Bàbá ti kú, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ wọn ní Nàìjíríà. Wọn ò lè pín in, wọn ò sì lè tún un ṣe, ni wọ́n bá tà á, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Éjẹ́ǹtì kan tí n kò rí rí ló kọ́kọ́ wá, ó mú téèpù dání, ó ń wọn pálọ̀ mi bí ẹni pé n kò dúró níbẹ̀. Ó wọn fèrèsé, ó fi ìka kan ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná, ó ní, "Èyí máa jáde." Ògiri tí mo ń sàmì gíga àwọn ọmọ sí! Àmì péńsù náà wà níbẹ̀ gbọnrangandan, ó gbé ọwọ́ lé e. Lọ́sẹ̀ kejì ni ìwé lọ́yà dé: ká kó jáde kí oṣù kọkànlá tó parí. Ẹni tó rà á fẹ́ sọ ọ́ di shortlet, ilé tí wọ́n ń fi háyà fún àlejò ní òru kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe Detty December, fàájì ìparí ọdún, tó dé.

Bí o bá dé àdúgbò yìí báyìí, o ò ní mọ̀ ọ́n. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti di shortlet. Ilé Ìyá Aláṣọ-òkè ti di shortlet, wọ́n ti gé igi máńgòrò yẹn kí mọ́tò lè ráàyè páàkì. Kò sí kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́, nọ́ńbà ni wọ́n ń tẹ̀. Àlejò á dé lálẹ́ Friday, á lọ ní Sunday, a ò ní mọ orúkọ rẹ̀. N kò bínú sí ẹni tó bá wá sílé wá gbádùn ara rẹ̀, inú èmi náà máa ń dùn tí December bá pé tí ẹ bá ń bọ̀. Ìṣirò rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn. Fúláàtì oníyàrá méjì tí mò ń san 900,000 náírà lé lórí lọ́dún, irú rẹ̀ tó di shortlet ń gba 90,000 lóru kan. Òru mẹ́wàá péré, wọ́n ti gba owó ọdún kan mi. Kí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, tó tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, póùn kan ò tó 600 náírà ní báńkì. Ní báyìí, ẹni tó ń gba póùn, 90,000 yẹn ò tó 50 póùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni èmi tí mò ń ránṣọ fẹ́ bá du ilé?

Àwọn onílé tí kò tiẹ̀ ṣe shortlet ń wo ti aládùúgbò wọn, wọ́n ń fowó lé e. Ìyá Ìbejì tó ń ta ìrẹsì ní Tẹ̀júoṣó ń san 700,000 tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kó mú mílíọ̀nù méjì wá. Ó ti kó lọ sí Ìkòròdú. Aago mẹ́rin àárọ̀ ló ń jí báyìí kó lè bá àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn ìbejì sì ti pààrọ̀ ilé ìwé láàárín ọdún. Ó yà lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, oorun gbé e lọ lórí àga kí n tó gbé omi wá.

N kò sọ pé shortlet nìkan ló fà á o. Sìmẹ́ǹtì ti wọ́n, èèyàn ń wọ Èkó lójoojúmọ́, ilé tí wọ́n ń kọ́ ò kárí. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé ò ti tó yẹn, kí ẹnì kan máa kó èèyàn jáde nínú èyí tó wà, kó sì tì í pa di ìgbà tí àlejò bá dé, ìyẹn ni mo ní kò dáa.

Kí n tó gbàgbé: àkọ́bí mi ti wọ UNILAG, orúnkún màmá mi ti fúyẹ́ díẹ̀, ọ̀rẹ́ wa aláriwo yẹn sì ti fẹ́ dókítà, àsìkò kò sí láti ròyìn aṣọ tó wọ̀.

Ìwọ lo sọ fún mi pé ní London, ẹni tó bá fẹ́ fi odindi ilé rẹ̀ gba àlejò ju 90 òru lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ kánsù. Látìgbà tí ìwé lọ́yà ti dé ni mo ti ń kà kiri. Ní New York, láti oṣù kẹsàn-án 2023, èèyàn ò lè fi odindi fúláàtì háyà fún àlejò tí kò ní lò tó 30 ọjọ́ àfi kí onílé náà wà níbẹ̀. Ní Barcelona, olórí ìlú náà, Jaume Collboni, kéde ní 2024 pé tó bá máa fi di oṣù kọkànlá 2028, ìwé àṣẹ àwọn fúláàtì arìnrìn-àjò, bí 10,000, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ìlú tó ń jẹun lára àlejò gan-an nìyẹn o!

Àwa náà ní òfin. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ní ẹni tó ń san owó ọdọọdún gbọ́dọ̀ gba ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lè ní kó kó jáde, àyàfi tí òun àti onílé bá ti jọ kọ ohun mìíràn. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ Yaba. Èmi àti Bàbá Tíṣà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa ń lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí aáwọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn kì í gbowó.

O bi mí bóyá kí ìwọ àti baálé rẹ ra fúláàtì níbí. Ẹ rà á. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fún ayálégbé, kí iná máa tàn níbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ gan-an rèé. Orúkọ ẹni tó ra ilé yìí wà nínú ìwé lọ́yà. Òun ni ọkùnrin oní-fìlà pupa tó jókòó sí ìkángun nínú fọ́tò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Bá mi bá a sọ̀rọ̀. Má pariwo mọ́ ọn. Sọ fún un pé a ò ní ká má kúrò láé, oṣù mẹ́fà tí òfin fún wa la fẹ́. Bàbá Tíṣà ni kó fi sílẹ̀ nísàlẹ̀, kó ṣe shortlet rẹ̀ lókè. Èmi á kó jáde lókè fún un tí oṣù mẹ́fà bá pé. Bàbá Tíṣà ti pé ẹni 78, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Inú ilé yìí nìkan ni wọ́n ti ń rìn láìsí ẹni tó mú wọn lọ́wọ́. Ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti ṣetán láti san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ́dún. Tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, fún un ní nọ́ńbà mi, màá gbé e nígbàkigbà.

Ìpàdé ẹgbẹ́ yín ń bọ̀ ní Sunday àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, àbí? Má jẹ́ kó di ọjọ́ náà, pè é kó tó dìgbà yẹn. Bùbá àwọn ọmọbìnrin ti jáde, ẹni tó ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni màá fi rán sí ọ.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ rẹ