Ẹ má ṣe fi imú ọmọ ajá nu ìtọ̀ rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín tó máa ń gba ẹnubodè Ìdìròkò àti Ìgòlò dé ọ̀dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Lẹ́tà kan tí òǹkàwé yín kan kọ nípa ọmọ ajá òyìnbó rẹ̀ ni mo fẹ́ fèsì sí. Ó pe ọmọ ajá náà ní olóríkunkun, ó ní kò sí yàrá tí kì í tọ̀ sí, ó sì gba àwọn tó ní irú rẹ̀ nílé nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa ki imú rẹ̀ bọ inú ìtọ̀ náà, kí wọ́n nà án dáadáa, kí wọ́n má sì fún un lómi láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó wá fi òwe ajá tó máa sọnù tí kì í gbọ́ fèrè ọdẹ ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí a bá fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀ láìfèsì, ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ni yóò jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò mọ̀ pé àwọn dá, ilé àwọn tó ni wọ́n kò sì ní yé rùn.

Àìgbọràn kọ́ ló ń mú ọmọ ajá kékeré tọ̀ sínú ilé. Àwa tí a jọ ń gbé ni a kì í fẹnu kò lórí ibi tó yẹ kí ó máa tọ̀ sí àti ìgbà tó yẹ kí a gbé e débẹ̀. Ọmọ ajá tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8, èyí tí í ṣe ọjọ́ orí tí wọ́n sábà máa ń gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju wákàtí 2 tàbí 3 lọ, ìyẹn náà bí kò bá ṣeré, tí kò sì mu omi. Bí ó bá wá jẹ́ irú ajá kékeré tí wọ́n ń pè ní Chihuahua, tí kì í sábà wọ̀n ju kílò 3 lọ nígbà tó bá dàgbà tán, tàbí Yorkshire tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi jù ú lọ, àpò ìtọ̀ rẹ̀ kéré débi pé kí a tún dín wákàtí náà kù ló dára jù. Ohun tó sì ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni pé ìtọ̀ rẹ̀ náà kéré. Kò ju ẹnu ife tíì lọ lórí sìmẹ́ǹtì, a ó sì fi àkísà nù ún tàbí kí a rékọjá rẹ̀, láìsí ẹni tó bìkítà. Ká ní ajá ńlá ló ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ilé ni yóò dìde. Ajá kékeré ń bá a lọ báyìí títí ó fi di bárakú, ìgbà yẹn ni a ó tó rántí pé ó lágídí.

N kò sọ pé wọn kò lágídí rárá o. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sin Yorkshire ní ọ̀rúndún 19 kí ó lè máa pa eku fún wọn, àwọn ará Jámánì sì ń lo Dachshund, ajá gígùn ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, láti wọ inú ihò lọ bá ẹranko jà lábẹ́ ilẹ̀. Ajá tó ti wọ ihò lọ kò lè dúró de fèrè ọdẹ kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pinnu ohun tí yóò ṣe. Ìran irú ajá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé fún wa ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́ lónìí, tí a sì ń fi òwe fèrè dá a lẹ́bi. Irú ajá yìí kì í ṣe nǹkan nítorí pé a pariwo. Ó ń ṣe é nígbà tó bá rí i pé èrè wà níbẹ̀.

Ní àwọn agboolé wa, níbi tí ìdílé púpọ̀ ti ń ṣí ilẹ̀kùn sí àgbàlá kan ṣoṣo, ni ìṣòro yìí ti le jù. Àwọn ọmọdé á máa gbé ọmọ ajá náà láti yàrá dé yàrá. Baálé á ní kí ó máa gbé inú ilé nítorí àwọn tó ń jí ajá, ìyá àgbà á fi ìgbálẹ̀ lé e síta, bí ó bá sì dé ìta tán, ẹni tó sá ata sílẹ̀ á tún lé e padà wọlé. Ẹnì kan ń bá a sọ Yorùbá, ẹlòmíràn ń bá a sọ Ègùn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ń pàṣẹ fún un ní èdè Faransé. Ta ni kí ó wá gbọ́ tirẹ̀ nínú gbogbo wọn?

Nílé tiwa, ìyá ọkọ mi, tí kò fẹ́ràn ajá rárá, ló fòpin sí rúdurùdu yìí. Ó ní òun kò bá ajá jà, ẹní ìkírun òun ni òun ń gbà sílẹ̀. Àwọn ààfáà kò ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ itọ́ ajá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa sọ pé ìtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin. Ó yan igun kan lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, níbi tí iyanrìn wà, tó jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ ń ṣeré sí, ó sì pàṣẹ pé ibẹ̀ nìkan ni kí ẹnikẹ́ni máa gbé ajá náà lọ, kí gbogbo wa sì máa sọ ohun kan náà fún un tí a bá débẹ̀: «Tọ̀ ọ́.» Àṣẹ obìnrin tí kò fọwọ́ kan ajá náà rí yìí ṣiṣẹ́ ju gbogbo ìfẹ́ tí àwa tó kù ní sí i lọ.

Ìgbà tó yẹ kí a gbé e jáde kò ṣòro láti mọ̀. Gbàrà tó bá jí ni, kódà bí oorun náà kò ju ìgbà díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tó bá jẹun, láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30. Lẹ́yìn tó bá mu omi tàbí tó bá ṣeré tán. Àti nígbà tí ilé bá fẹ́ sùn. Ẹni tó bá ń wò ó yóò tún rí àmì: ọmọ ajá tó ń fa bàtà jẹ á ṣàdédé fi í sílẹ̀, á rẹ imú sílẹ̀, á máa gbóòórùn yí ìdí odó po, ìrù rẹ̀ á gbé sókè díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Ní àkókò yẹn, kí ẹni tó bá wà nítòsí gbé e láìpariwo. Kí a fi okùn sí i lọ́rùn ní igun náà kí ó má baà sáré tọ adìyẹ lọ, kí a dúró jẹ́ẹ́, kí a má bá a ṣeré. Bí ó bá tọ̀, kí a yìn ín lójú ẹsẹ̀, kí a sì fún un ní ẹran sísè bín-ín-tín níbẹ̀ gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá wọlé tán. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí: bí ó bá ti ń tọ̀ tán ni a ń gbé e wọlé, yóò mọ̀ pé ìtọ̀ ló ń fòpin sí ìgbádùn ìta, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un mọ́ra kí a má baà gbé e wọlé. Ẹ jẹ́ kí ó ṣeré díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá sì tọ̀, kí a dá a padà sínú àgò rẹ̀ tàbí kí a gbé e lé orí itan, kí a tún gbé e jáde láìpẹ́.

Ní ti àgò, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ajá kì í fẹ́ dọ̀tí ibi tó ń sùn sí, nítorí náà kí àgò náà gbà á láti dìde dúró, kí ó yí ara padà, kí ó sì na ẹsẹ̀. Bí ó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sùn sí apá kan, yóò sì tọ̀ sí apá kejì. Ẹ gbé e sítòsí ibùsùn lóru kí ẹ lè gbọ́ nígbà tó bá ń ráhùn, nítorí ọmọ ajá kékeré kò lè sùn di òwúrọ̀ láìtọ̀.

Ẹ dákun, Olóòtú, ẹ má ṣe bínú sí mi: ìwé ìròyìn yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ ajá láti tọ̀ sí. N kò fara mọ́ ọn, kì í sì í ṣe nítorí yín nìkan. Ajá tí a bá kọ́ láti máa tọ̀ sórí ìwé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwé àtijọ́ àti ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá tí ọmọ gbàgbé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí omi sì dúró ní àgbàlá, ajá tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ kò ní fẹ́ jáde, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Ohun tí a ń ṣe ni pé a bu iyanrìn láti igun rẹ̀ sínú abọ́ fífẹ̀ kan, a sì gbé e sí ìloro lábẹ́ òrùlé, kí òórùn tó mọ̀ lè wà níbẹ̀.

Òórùn náà ló ń mú un padà sí ibi tó ti tọ̀ sí nínú ilé. Kí a fi àkísà fa ìtọ̀ náà gbẹ, kí a fi omi lásán fọ ibẹ̀, kí a sì fi ọtí kíkan tí wọ́n ń fi sí sàláàdì, tí a bu omi là, nù ún. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn omi Javel tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ dà á lé ìtọ̀ tútù lórí, a kò sì gbọ́dọ̀ pa á pọ̀ mọ́ ọtí kíkan láéláé, nítorí èéfín tó máa jáde á máa ta ni lójú àti lọ́fun, ó sì léwu púpọ̀ nínú yàrá tí atẹ́gùn kò ti wọlé.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ nínà. Òǹkàwé yín ní ajá òun mọ ohun tó ṣe, pé bí òun bá ti wọlé ni ó ń tẹ etí sílẹ̀, tó ń wo ẹ̀gbẹ́. Alexandra Horowitz, tó ń ṣe ìwádìí nípa ìhùwàsí ajá ní Amẹ́ríkà, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí èyí ní 2009. Àwọn tó ni ajá kìlọ̀ fún ajá wọn pé kí ó má jẹ oúnjẹ kan, wọ́n sì jáde; nígbà tí wọ́n padà wọlé, olùwádìí sọ fún àwọn kan nínú wọn pé ajá wọn ti jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sì jẹ ẹ́. Ojú ẹlẹ́bi tí àwọn ajá náà ń ṣe kò bá ohun tí wọ́n ṣe mu rárá. Ìbáwí ló bá mu, àwọn tí wọ́n bá wí láìṣẹ̀ gan-an ni ojú wọn sì fi ẹ̀bi hàn jù. Ìbínú tó wà lójú wa ni ajá ń rí. Ìtọ̀ tó tọ̀ láàárọ̀ kò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́ nígbà tí a bá na pàṣán ní ọ̀sán. Bí a bá sì bá a níbi tó ti ń tọ̀, tí a wá lù ú, ohun tó máa kọ́ ni pé kò dára kí a tọ̀ níṣojú ènìyàn. Yóò máa lọ sẹ́yìn àpótí àti abẹ́ ibùsùn, kò sì ní tọ̀ mọ́ nígbà tí a bá mú un jáde lórí okùn, nítorí pé a wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bá a lẹ́nu rẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó lè dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí igun rẹ̀, kí ó parí rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì yìn ín.

Fífi omi dù ú burú ju nínà lọ ní ìlú tó gbóná bíi tiwa. Bákan náà ni fífi oúnjẹ dù ú: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ajá kékeré tètè máa ń lọ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á ṣubú, ó sì lè kú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ ni kí ó máa jẹun, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, àkókò ìgbẹ́ rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e.

Kí igun rẹ̀ wà nínú ọgbà tiyín, níbi tí ajá ìgboro kì í dé, títí yóò fi gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, nítorí àrùn parvo, tó ń mú ọmọ ajá bì tó sì ń mú un ṣu ẹ̀jẹ̀, máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ṣeé gbà láti oṣù 3. Kí a máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò lójoojúmọ́, nítorí aràn inú rẹ̀ lè wọ ara ọmọdé tó ń fi ọwọ́ ro iyanrìn. Bí ajá tó ti mọ igun rẹ̀ bá ṣàdédé ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà gbogbo, tó ń tiraka nígbà tó bá ń tọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, dókítà ẹran ni kí ẹ gbé e lọ bá.

Ó ku ohun kan tí lẹ́tà náà mẹ́nu bà, pé ọmọ ajá náà máa ń tọ̀ sí ẹsẹ̀ àlejò. Ìyẹn kì í ṣe àfojúdi. Ayọ̀ àti ìbẹ̀rù ló ń fà á, ọ̀nà tí ajá kékeré ń gbà sọ fún ẹni tó tóbi jù ú lọ pé òun kò bá a jà ni, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń fi í sílẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà, àfi èyí tí wọ́n bá ń bá wí lórí rẹ̀. Kí àlejò má ṣe tẹ̀ bò ó, kí ó má sì tẹjú mọ́ ọn. Kí ó lóṣòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ajá náà wá bá òun. Bí òǹkàwé yín bá sì ń retí èrò púpọ̀, bí irú ọjọ́ Iléyá tàbí Kérésì, kí ó ti gbé e lọ sí igun rẹ̀ kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, kí wọ́n sì kí i ní àgbàlá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyàwó ilé kan, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)