Ta ni ẹ̀san ń bá nílé?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Ìgbọ̀nà, níbí ní Òṣogbo. Lẹ́tà ẹni tó ní ká máa gbá ẹni tó bá gbá wa létí padà, kó lè kọ́gbọ́n, ló mú mi gbé bírò. Lẹ́tà náà dùn-ún kà. Àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ kò tíì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi rí.

Oníbàárà mi kan gbé áńkárá aṣọ ẹbí wá, ó ní kí n má tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Ló bá yọ ìwé pélébé kan nínú báàgì, èyí tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó fún un lówó níbi òkú ìyá rẹ̀ sí. Ó ń fìka tọ orúkọ bọ̀ láti òkè délẹ̀, kò rí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ni aṣọ ẹbí náà. Ó ká aṣọ, ó ní òun ń lọ dá a padà. Mo ní, "Ẹ ò kúkú bi wọ́n pé kí ló dé?" Ó ní, "Ìyá Télọ̀, kí n tún wá máa bi í?" Bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ọmọ ọ̀hún ló máa ń bá a lọ mú àwọn ọmọ rẹ̀ wálé láti iléèwé. Kí ni tìyàwó nínú ọ̀rọ̀ owó òkú?

Aṣọ ẹbí ṣì kéré. Gbogbo wa la mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, nítòsí wa níbí. Lọ́dún 2025, ó le débi tí ìjọba fi kéde kónílé-ó-gbélé. Ọmọ Ìlobùú ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣì gbóná, ó ń gán bọ́tìnnì mọ́ búláòsì obìnrin kan, ni obìnrin náà bá bi í pé ọmọ ibo ni. Bó ṣe dáhùn báyìí, obìnrin yẹn já búláòsì gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, tabẹ́rẹ́-tabẹ́rẹ́. Ọmọdún mẹ́tàdínlógún! Ilẹ̀ wo ló gbà lọ́wọ́ ta ni? Mo dá owó obìnrin náà padà fún un, mo ní kó máa lọ.

Àwọn kan á ní Ọlọ́run ló pàṣẹ ẹ̀mí fún ẹ̀mí, ojú fún ojú. Mùsùlùmí lèmi náà. Ó wà nínú Súrátù Máídà, ẹsẹ 45, àmọ́ ẹ kà á parí: ẹni tó bá yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀, ìpẹ̀ṣẹ̀rẹ́ ló jẹ́ fún un. Ibẹ̀ ni wọn kì í kà sí wa létí.

Ọmọ mi tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin sọ fún mi nípa òfin Hammurabi, ọba Bábílónì, ní nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú ìbí Jésù. Ojú fún ojú wà níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó tún wà níbẹ̀ pé bí ilé bá wó pa ọmọ onílé, ọmọ bírìkìlà tó kọ́ ọ ni kí wọ́n pa. Kì í ṣe bírìkìlà o, ọmọ rẹ̀! Mo pariwo, ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe níbí náà nìyẹn?"

Mi ò ní kí wọ́n fi ọ̀daràn sílẹ̀ o. Ẹni tó dáná sunlé, kí ọlọ́pàá mú un, kí adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dáná sunlé kì í dúró, ó ti sá lọ. Ìyá arúgbó tí kò lè sáré àti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nílùú onílùú ni ẹ̀san ń bá nílé.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin náà nìyí. Bí irú ìjà bẹ́ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé àkọ́kọ́ pé àwọn ará ìlú báyìí ló kọlu ìlú báyìí. Iye àwọn tí wọ́n bá gbé lọ sílé ẹjọ́ ni kí ẹ kọ.

Ìyá Télọ̀,
Ìgbọ̀nà, Òṣogbo.